Ìdòwú Orí Táńkì

Ìbejì ni wá, Igbó-Ọrà ni wọ́n sì bí wa sí. A mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Nínú ìlú tí wọ́n ń pè ní olú-ìlú ìbejì lágbàáyé, tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì láti 2018, ta ni ẹnu máa yà bó bá rí àwọn méjì tó jọra lórí máṣíìnì kan? A kàn sọ ọ́ kí ẹ má baà máa bi ara yín pé ta ni “a” tó ń sọ̀rọ̀ yìí.

Táyé ló ń wa máṣíìnì, torí òun ló kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ló ń jókòó sẹ́yìn, tó ń pàṣẹ bí ọ̀gá: “Rọra o, kòtò wà níwájú. Yà sọ́tùn-ún. Ọ̀tún ni mo wí!” Boxer àlòkù ni máṣíìnì náà. Kì í ṣe irú àwọn alùpùpù ńláńlá tí àwọn èèyàn fi ń la aṣálẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gun Boxer kúrò ní Igbó-Ọrà, tó gba Ìdèrè lọ sí Ìgàngàn lẹ́yìn òjò, kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé ìrìn àjò tó le fún un mọ́.

Ọ̀rọ̀ báàgì la fẹ́ sọ. Báàgì tí wọ́n ń gbé sórí táńkì epo, níwájú ẹni tó ń wa máṣíìnì. Àwọn tó ń fi alùpùpù rin ọ̀nà jíjìn sábà máa ń so àpótí méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìbejì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé báàgì kékeré kan sórí táńkì. Lójú tiwa, Ìdòwú nìyẹn: ó kéré sí ìbejì, ó tẹ̀ lé wọn, agídí rẹ̀ sì ju ti àwọn méjèèjì lọ. Ìyá wa ò bí Ìdòwú. Àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀; wọ́n ní ó yẹ kí ìyá ìbejì bí Ìdòwú kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí báàgì lásán fi dà wá láàmú fún oṣù mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n rárá, kì í ṣe ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìgàngàn ni ìyá wa àgbà ń gbé. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ìlú náà. Wọ́n pa èèyàn tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n dáná sun ààfin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ gbé ìyá wá sí Igbó-Ọrà. Kò lò ju oṣù méjì lọ tó fi ní òun ń padà sílé. A bẹ̀ ẹ́, a ní kó jókòó. Ó ní, “Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́, ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún aláǹgbá ni?” Bó ṣe lọ nìyẹn.

Ìgbà yẹn ló tó yé wa pé gbogbo ohun tí ìyá mọ̀, inú orí rẹ̀ nìkan ló wà. Oríkì ìdílé, orúkọ àwọn tó dá agbo ilé sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta ni, ẹni tó bá ta ni jà, bí wọ́n ṣe pín oko, àwọn ìbejì tó ti wá sínú ìdílé ṣáájú wa: kò sí ẹyọ kan tó wà nínú ìwé. Bí nǹkan bá ṣe ìyá, ó parí nìyẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, a gbé fóònù, a gun máṣíìnì, a forí lé Ìgàngàn. A tẹ fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀, a gbé e sórí àga kékeré níwájú ìyá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, “Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?” A ní ó ti ń gbọ́. Ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀. Ó kì wá, ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó fún wa ní ẹ̀gúsí ká gbé e fún ìyá wa.

A kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì kan tí a rà ní ọjà kan n’Íbàdàn. Ẹni tó tà á fún wa ní omi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Báàgì orí táńkì kọ́, báàgì ìkọ́yìn lásán ni. A kàn fi rọ́bà tí fọkanáísà gé lára tíúbù dè é mọ́ orí táńkì, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe.

Òjò ká wa mọ́nà kí a tó dé Ìdèrè. Ẹ̀yin náà mọ òjò oṣù kẹsàn-án, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Táyé tẹ bíréèkì níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, báàgì yọ́ síwájú, ó lọ tẹ họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù ń ké, òjò ń rọ̀, ọwọ́ máṣíìnì ò ṣe é yí sósì mọ́ torí báàgì ti há mọ́ ọn. A ṣubú sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa. A dìde, a ń fi ara wa rẹ́rìn-ín, a tún báàgì dè, a ń lọ.

Ilé la ti ṣí i. Omi ti gba ojú síìpù wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ṣé ẹ rí i, báàgì tí omi lè wọ̀ burú. Èyí tí omi lè wọ̀ tí omi ò lè jáde nínú ẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba omi dúró bí agbada. Fóònù wà ní ìsàlẹ̀, ẹ̀gúsí ìyá wà lórí ẹ̀. A gbé fóònù náà fún ẹni mẹ́ta tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n ṣí i, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n mi orí. Ohùn ìyá wà nínú fóònù nìkan. A ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. A ti ní tí a bá délé la máa fi ránṣẹ́.

A ní kò burú, a máa padà lọ bá ìyá. Iṣẹ́ dí wa lọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá. Kí ọyẹ́ tó dé, ìyá ti lọ.

A ò bínú sí ẹni tó ta báàgì. Òun ò mọ ohun tí a fẹ́ gbé sínú ẹ̀. Àwa ló mọ̀.

Ẹnì kan ló kù: àbúrò ìyá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Ìgàngàn náà ló ń gbé. A pinnu pé a máa lọ gba ohùn tiẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní gbé e sínú báàgì yẹ̀yẹ́ mọ́. Bí a ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa báàgì orí táńkì nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí táńkì? Àwọn ọ̀rẹ́ wa bi wá. Ẹ̀yin ẹ wò ó: èèyàn méjì ló wà lórí máṣíìnì. Kẹ́hìndé ti gba ibi tí àwọn ẹlòmíì máa ń di ẹrù sí lẹ́yìn. Báàgì ẹ̀yìn ń fa èjìká Kẹ́hìndé, ó sì ń fà á sẹ́yìn nígbà tí a bá ń gun òkè. Orí táńkì nìkan ló ṣẹ́kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibẹ̀ ni ojú ẹni tó ń wa máṣíìnì wà nígbà gbogbo. Ohun tó bá já bọ́ lẹ́yìn, ó di ìgbà tí ẹ bá délé kí ẹ tó mọ̀. Ohun tó wà lórí táńkì ò lè sọnù kí ojú yín má rí i.

Ọdún 2022 yẹn kan náà ni Kunle Adeyanju gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ló kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ó ń wá owó fún ìjà àrùn rọpárọsẹ̀. Gbogbo ayé ń wo ọkùnrin náà lórí fóònù. Àwa náà tún padà lọ wo àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀ràn báàgì wa, ṣùgbọ́n ẹrù ni tiwa ń wò: kí ló dì, ibo ló dì í sí, kí ló fi dè é. Ẹni tí ejò ti bù jẹ, tó bá rí okùn, á dúró wò ó dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tí a kọ́ ni pé kí èèyàn tó wá báàgì, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ gbé. A tẹ́ ẹní sílẹ̀, a kó gbogbo nǹkan sórí ẹ̀: fóònù, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré tí a fi owó àjọ rà, bátìrì, ìwé máṣíìnì àti lásẹ́ńsì, omi, búrẹ́dì fún Ìyá Kékeré, sípánà, ohun tí a fi ń lẹ tíúbù. Kẹ́hìndé kọ́kọ́ yọ sípánà kúrò. Tí Táyé bá tẹ bíréèkì lójijì, ara rẹ̀ á lọ síwájú, ohun tó wà nínú báàgì ni àyà àti ikùn rẹ̀ máa lọ bá. Ẹ fẹ́ kí irin ló wà níbẹ̀ ni? Irin lọ sí abẹ́ ìjókòó. Omi wúwo, Kẹ́hìndé ló máa gbé e. Búrẹ́dì lè wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́. Ohun tó kù lórí ẹní ò ju ẹ̀kún igbá kan lọ. Ohun tí a ò gbọ́dọ̀ pàdánù, àti ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ tètè kàn: ìyẹn nìkan ni ti orí táńkì.

Nípa bí wọ́n ṣe ń so ó, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti òòfà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rán an sínú ìsàlẹ̀ báàgì, ẹ ó kàn gbé e lé táńkì, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Irin ni táńkì Boxer, òòfà á mú un. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn máṣíìnì ńlá ayé òde òní, ike ni wọ́n fi bo táńkì wọn, òòfà ò sì mọ ike lọ́rẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó náwó, ẹ mú òòfà kékeré kan lọ gbé lé táńkì yín lọ́tùn-ún, lósì àti láàárín. Tó bá já bọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àwa ní tiwa, eruku ló lé wa kúrò lọ́dọ̀ òòfà. Eruku pupa Ìbàràpá á wọ abẹ́ ẹ̀, tí máṣíìnì bá ti ń gbọ̀n, á máa ha ọ̀dà táńkì bí ìgbà tí káfíńtà ń fi pépà ha igi. Tí ẹ bá tún ní káàdì báńkì tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn, ẹ má kó o sún mọ́ òòfà o.

Ìkejì ni ti òrùka. Wọ́n á fi ìdè de òrùka yí ẹnu táńkì po, báàgì á wá há mọ́ ọn lórí, kò ní kan ọ̀dà táńkì rárá. Nígbà ọdún ìbejì, àwọn kan gun alùpùpù ńlá wá láti Èkó, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ká fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó tẹ ibì kan, báàgì ṣí, ó gbé e kúrò, ó rọ epo, ó tún gbé e padà: kàkà! A fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n máṣíìnì kọ̀ọ̀kan ló ní òrùka tirẹ̀, torí ibi tí ìdè wà ní ẹnu táńkì ò dọ́gba. A wá èyí tó bá ẹnu táńkì Boxer wa mu títí, a ò rí i. Owó tí wọ́n ń pe báàgì náà pàápàá lè ra táyà méjì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fi máa gbé e wá láti òkè òkun.

Ìkẹta ni ti okùn. Okùn méjì gba iwájú, wọ́n yí ọrùn máṣíìnì ká nísàlẹ̀ ọwọ́. Okùn méjì gba ẹ̀yìn, wọ́n so mọ́ irin lábẹ́ ìjókòó. Kò sí táńkì tí èyí ò bá mu. Wàhálà ẹ̀ ni pé tí ẹ bá dé ilé epo, ẹ ó máa tú okùn bí ẹni ń tú ewúrẹ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ìdè tó ṣeé ṣí kíá wà lára okùn ẹ̀yìn, kí báàgì lè ṣí síwájú bí ìdérí ìkòkò.

Nípa títóbi, lítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́ bí epo. Àwọn kékeré ò ju lítà márùn-ún sí mẹ́wàá lọ, àwọn ńlá lè kọjá ogún. Ojú máa ń wọ ńlá. Ẹ má gbà fún ojú. A mú páálí bísíkíìtì méjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, a dè wọ́n mọ́ orí táńkì níkọ̀ọ̀kan. Táyé yí ọwọ́ máṣíìnì dé ìparí sọ́tùn-ún, dé ìparí sósì. Páálí ńlá tẹ họ́ọ̀nù lójú ẹsẹ̀, a sì wo ara wa lójú. Lẹ́yìn náà, Táyé dìde dúró lórí ibi ìtẹsẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe tí ọ̀nà bá burú kí orúnkún lè gba ìgbọ̀nrìrì. Páálí ńlá gún un nínú. Táyé ò ga, ìyẹn náà wà ńbẹ̀. Páálí kékeré ló borí.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Ọjọ́ kan tí a fi fóòmù tẹ́ orí táńkì dáadáa, tí a fún okùn le, máṣíìnì kú sí ẹ̀bá oko. Epo wà. A tẹ ẹsẹ̀ sí i títí ó rẹ̀ wá. Nígbà tí Kẹ́hìndé ṣí ìdérí táńkì, ó mí “ṣíìì” bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí yẹn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé bí epo bá ṣe ń lọ. Tí ẹ bá dí i pa, epo ò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Látìgbà náà, a mọ̀ pé abẹ́ báàgì gbọ́dọ̀ ní ibi tí ìdérí lè gbà mí.

Oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2023, owó náírà tuntun ò sí, àtijọ́ ò ṣeé ná. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà nígbà náà mọ ohun tí a ń sọ. Èèyàn tò sílé ìfowópamọ́ látàárọ̀, ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lálẹ́. Ta ló ń ra báàgì? Ìyá Kékeré ń dàgbà sí i. A ń pe ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìgàngàn lóòrèkóòrè, a ń bi í, “Ìyá ńkọ́?” A ò sọ ìdí tí a fi ń béèrè.

Nígbẹ̀yìn, a gbé páálí kékeré náà tọ bàbá kan lọ ní Igbó-Ọrà, tó ń rán ìjókòó máṣíìnì lẹ́bàá títì. A dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló bí páálí fún yín?” A ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ìbòrí táńkì kan tó fi lẹ́dà rán, tó gbé kọ́ sókè: pupa àti dúdú, àpò kékeré kan wà láàárín ẹ̀. “Ọlọ́kadà ti ní báàgì orí táńkì kí wọ́n tó bí yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ṣéńjì sí.” Òtítọ́ ni. Gbogbo ọjọ́ ayé wa la ti ń rí i, ojú wa ò kàn sí níbẹ̀. Kódà orúkọ ọ̀kadà fúnra ẹ̀, ara Okada Air ni wọ́n ti yá a, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Àwọn èèyàn wa ò kì í dúró de ohun tí wọ́n ò ní. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

A bi bàbá bóyá ó lè rán èyí tí omi ò ní wọ̀. Ó mi orí. “Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń rán nǹkan. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà, ó lu ihò síbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.” Inú wa dùn sí bàbá yìí ju gbogbo àwọn tó ti bá wa sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí òun rán ti òde kó lágbára, kí a wá ti inú fúnra wa. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. Ti òde jẹ́ lẹ́dà tó nípọn, rọ́bà tíúbù wà nísàlẹ̀ kó má baà yọ̀, ihò wà fún ìdérí táńkì, ihò kékeré méjì sì wà ní igun kí omi tó bá wọlé lè jáde. Ti inú jẹ́ àpò ike tí kò ní ojú rírán, tí wọ́n ń ká ẹnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó há a. Àwọ̀ ọsàn la yàn. Tí inú báàgì bá dúdú, ẹ ó máa wá bátìrì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lóru.

Àpò kan tó hàn gbangba wà lórí. Àwọn èèyàn máa ń fi fóònù síbẹ̀ kí wọ́n lè rí máàpù. A gbìyànjú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, fóònù gbóná, ó pa ara ẹ̀. A ò jiyàn pẹ̀lú oòrùn. Ìwé máṣíìnì la fi síbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ pọ̀ lójú ọ̀nà láti ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ 2021. Ẹni tó di ìbọn mú ò fẹ́ rí ọwọ́ yín tó ń wá nǹkan nínú báàgì jíjìn. Ó yá lára kó rí ìwé fúnra ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹfà 2023 la lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni, owó jálá epo ti ju ìlọ́po méjì lọ, a sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kún táńkì. A kún un.

Ìyá Kékeré jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo máṣíìnì, ó wo báàgì. “Kí lẹ gbé síwájú bí olóyún yìí?” A ní Ìdòwú ni, ìyá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ìyá yín ti bí i nígbẹ̀yìn.”

A gbé fóònù àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹ̀, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. A ò tíì sọ nǹkan kan tó fi tẹ̀ síwájú, tó béèrè pé, “Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?” Táyé dìde, ó ní òun ń lọ mu omi. Kẹ́hìndé ló dáhùn.

A rò pé ó máa sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ. A tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an létí ìwọ̀nba tí a rántí nípa ẹni tó kọ́kọ́ bí ìbejì nínú agbo ilé wa. Ó gbá ọwọ́ dànù. “Irọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi pa fún yín. Ó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ dùn.” Ó wá sọ tiẹ̀: orúkọ mìíràn, oko mìíràn, ìjà kan tí ìyá wa àgbà ò mẹ́nu bà rárá. Tí ohùn ìyá bá ṣì wà lọ́wọ́ wa ni, à bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ká máa gbọ́ bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe ń jiyàn. Ìgbà yẹn ni ọ̀fọ̀ náà tó dùn wá tán. Báàgì tó dára jù láyé ò lè lọ gbé ohùn kan padà wá láti inú omi.

Òjò tún ká wa mọ́nà. A sáré yà sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan, a dúró títí ó fi rọlẹ̀ díẹ̀, a sì tẹ̀ síwájú nínú èyí tó kù. Báàgì ò yọ́. Họ́ọ̀nù ò ké. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà nínú Ìdòwú. Fóònù wà nínú ọ̀rá méjì láyà Kẹ́hìndé. Ìpinnu tí a ṣe nìyẹn kí a tó kúrò nílé: ohùn kan ò gbọ́dọ̀ wà níbì kan ṣoṣo mọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ìbejì mọ̀ látinú oyún, oṣù mẹ́jọ ló gbà wá. Nígbà tí a délé, ti òde rin gbingbin, omi ń jáde ní igun méjèèjì bí bàbá ṣe ṣe é. Ti inú gbẹ bí èlùbọ́. Kí a tó jẹun, a ti fi ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, a ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin n’Íbàdàn.

Báàgì náà wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí. Bàbá tó rán an ti rán méjì mìíràn fún àwọn ọlọ́kadà, ó ní ihò ìdérí yẹn dára. Àwọn tó gbọ́ ìtàn wa máa ń béèrè báàgì wo ni kí àwọn rà. A máa ń sọ gbogbo ohun tí a sọ fún yín yìí: ẹ dán òòfà wò, ẹ yí ọwọ́ dé ìparí, ẹ dìde dúró, ẹ má fi irin síwájú àyà, ẹ má gbàgbé ihò ìdérí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í fẹ́ sọ, ká sọ ọ́ níbí kó tán. Oṣù mẹ́jọ la fi ń yan báàgì, Ìyá Kékeré sì wà ní Ìgàngàn ní gbogbo oṣù mẹ́jọ náà. Ọ̀rá méjì tí a fi wé fóònù láyà Kẹ́hìndé, ọjà Tọwọ́bọ̀wọ̀ ni gbogbo ilé ti ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rá yẹn ti tó láti ọjọ́ kìíní. Orí ló yọ wá tí ìyá dúró dè wá. Tí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó mọ ohun tí kò sí nínú ìwé, ẹ má dúró de báàgì. Ẹ lọ lọ́la. Tí ẹ bá wá dé, kí ẹ tó gbé omi mu, ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.